Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè fi jáàkì gbé MX-5 tó wálẹ̀ gan-an nílé láìṣèèṣe?

Kúnlé Kent
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ní Mazda MX-5 ti 2003, èyí tí wọ́n ń pè ní Mk2, Kent ni mo ń gbé níbí nílùú ọba. Mo fẹ́ máa pààrọ̀ ẹ́ńjìn ọ́ìlì ẹ̀ fúnra mi, bíréèkì páàdì iwájú àtẹ̀yìn náà ti fẹ́ tán, owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn níbí sì ti pọ̀ jù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mọ́tò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fàyà wọ́lẹ̀, tírọ́lì jáàkì tí mo ní, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yí, orí ẹ̀ ga tó 13 cm tí mo bá ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kò wọ abẹ́ bọ́mpà rárá, tí mo bá sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ ilẹ̀kùn, ojú ibi tí jáàkì máa wà náà ni sítáńdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó máa ń gbé mọ́tò dúró, yẹ kó wà, mi ò wá mọ bí méjèèjì ṣe máa dúró sójú kan. Jáàkì kékeré tó bá mọ́tò wá ṣì wà nínú búùtù. Ilẹ̀ ibi tí mo ń páàkì sí, kọnkéré ni, àmọ́ ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sọ́nà títì. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ bá ẹsẹ̀ mi níta lábẹ́ mọ́tò yẹn àfi tí mo bá lè ṣàlàyé fún òun nǹkan tó máa gbé e dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, Ìbàdàn
Àbúrò, òótọ́ ni ìyàwó ẹ sọ, bá mi kí i. Jáàkì wà láti gbé mọ́tò sókè ni, kì í ṣe láti gbé e dúró. Ọ́ìlì ló wà nínú ẹ̀ tó ń tì í sókè, rọ́bà kékeré kan ló sì há ọ́ìlì yẹn mọ́ inú, ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá gbó, mọ́tò lè máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè wá lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mọ́tò ò bá tíì jókòó sórí sítáńdì, má ti orí bọ abẹ́ ẹ̀, kódà kó jẹ́ spánà lo fẹ́ mú.

Mo tún fẹ́ sọ ti búlọ́ọ̀kù, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti rí i lọ́dọ̀ wa nílé, wọ́n á to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ mọ́tò wọ́n á sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ẹ má dán an wò o. Búlọ́ọ̀kù inú ẹ̀ ṣófo, tí wọ́n bá fi mọ ògiri ẹrù máa tẹ́ kárí gbogbo orí ẹ̀, ó sì máa gbé e, àmọ́ irin abẹ́ mọ́tò tínrín, ojú kan ṣoṣo ló máa tẹ̀, ńṣe ló máa fọ́ lójijì tí kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó dáa nínú tiwa tó o lè mú dání ni pé tó o bá ti yọ táyà, kì í ṣe ibi ògiri lò ń gbé e tì, abẹ́ mọ́tò ló ń lọ, lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́. Tí gbogbo nǹkan bá yẹ̀, orí táyà ni mọ́tò máa já lé, kò ní dé àyà ẹ.

Ti ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ yẹn, wá ibòmíràn jàre. Kò sí ọgbọ́n tá a lè kọ́ ẹ sí ìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston
Bọ̀dá ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi jáàkì tí kò wọlé yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ló ń dààmú àwa tí mọ́tò wa wálẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kó o ra jáàkì tí orí ẹ̀ wálẹ̀, èyí tó lè sọ̀ dé 8 cm, kí ọrùn ẹ̀ sì gùn, torí ibi tó ń lọ jìn sábẹ́. Èkejì ò náni lówó, wá pákó méjì tó le dáadáa, tó fẹ̀ ju táyà lọ, tó nípọn tó 4 cm, tẹ́ wọn síwájú táyà iwájú kó o rọra wa mọ́tò gùn wọ́n. Mọ́tò á ti gòkè díẹ̀, jáàkì ẹ á ráyè wọlé.

Ti jáàkì àti sítáńdì tó ń jà sójú kan, ìdáhùn ẹ̀ ni pé kó o má fi jáàkì gbé e láti ẹ̀gbẹ́, àárín ni kó o ti gbé e. Níwájú, irin ńlá kan wà tó gba abẹ́ ẹ́ńjìn kọjá láti ọ̀tún dé òsì, àárín irin yẹn ni kí orí jáàkì lọ. Lẹ́yìn, abẹ́ dífá ni, ìkòkò irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, fi rọ́bà tàbí pákó pẹlẹbẹ sáàárín kí irin má ha irin, kó o sì wo páìpù ẹ̀sọ́ọ̀sì tó wà nítòsí kó o má lọ tẹ̀ ẹ́. Wàá rí igi àlùmíníọ́mù gígùn kan tó lọ láti gíàbọ́ksì dé dífá, kò sí ohun tó máa gbé jáàkì lọ síbẹ̀ o, á tẹ̀ ni. Tí gbogbo iwájú bá ti gòkè, sítáńdì méjì á wá lọ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́tùn-ún lósì, sójú ibi tí wọ́n gé gẹ̀ẹ́ méjì sí létí irin abẹ́ ilẹ̀kùn, àárín gẹ̀ẹ́ méjèèjì gan-an ni. Ra rọ́bà tó ní ihò gbọọrọ láàárín kó o fi sórí sítáńdì, kí etí irin yẹn wọ inú ihò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ká dànù.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò rèé: táyà ẹ̀yìn ni hándíbíréèkì MX-5 ń dì mú, ẹ̀yìn náà sì ni ẹ́ńjìn ń yí, torí náà tó o bá gbé ẹ̀yìn sókè, hándíbíréèkì ò ṣe nǹkan kan mọ́, gíà tó o kì bọ̀ ọ́ náà ò ṣe nǹkan kan, táyà iwájú méjèèjì tó kù nílẹ̀ lè yí bó ṣe wù wọ́n. Wẹ́jì wọn níwájú àti lẹ́yìn kó o tó fọwọ́ kan jáàkì. Jáàkì náà, jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè yí, torí bó ṣe ń gòkè orí ẹ̀ ń sún, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá há sínú òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ihò kọnkéré, orí ẹ̀ ló máa yọ̀ lábẹ́ mọ́tò.

Ìyá Ìbejì, Lagos
Kí ló dé tí kò kàn wa mọ́tò gun orí ráàm̀pù, irin tó dagẹ̀rẹ̀ tí táyà ń gùn yẹn, ṣebí ìyẹn ò nílò jáàkì?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Ráàm̀pù dáa fún ọ́ìlì, pàápàá tó jẹ́ pé fíltà ọ́ìlì mọ́tò yìí há sábẹ́ lápá kan, láti abẹ́ ló rọrùn láti dé ibẹ̀. Àmọ́ táyà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò lórí ráàm̀pù, kò lè pààrọ̀ bíréèkì páàdì. Ráàm̀pù lásán náà ga jù fún bọ́mpà ẹ̀, àfi èyí tó gùn tó sì rọra ń dagẹ̀rẹ̀.

Kúnlé, tó o bá ń ra sítáńdì, wá èyí tó ní píìnì tó ń gba inú ihò kọjá kún eyín tó ń dì í mú. Ní 2020, Harbor Freight tó ń ta irinṣẹ́ níbí l'Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn dá sítáńdì wọn kan padà torí eyín yẹn lè ṣàìdì mú dáadáa kó sì já wálẹ̀. Tó o bá ti gbé mọ́tò lé e tán, fi ọwọ́ méjèèjì tì í, mì í dáadáa kó o tó wọ abẹ́. Tó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tó o ṣì wà níta.

Tọ́lá, Birmingham
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Bọ̀dá Kúnlé, MX-5 lèmi náà ń wà, Mk2 bíi tiyín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé sítáńdì sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù máa ń jẹ irin mọ́tò yìí, ibi tó sì máa ń jẹ jù ni ẹ̀gbẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, lápá ẹ̀yìn, níwájú táyà ẹ̀yìn gangan, irin gígùn tó wà lábẹ́ iwájú mọ́tò náà máa ń jẹ bẹ́ẹ̀ fún Mk2. Ọ̀dà á ṣì máa dán lójú, inú ti jẹ tán, inú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ torí omi máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ fi nǹkan ṣóńṣó tẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi ẹnu sukurúdíráífà, tó bá dún kókó, irin ni, tó bá dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tàbí tó wú, tó ń bó bí èèpo, ẹ fi sílẹ̀.

Kúnlé Kent
Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Jáàkì kékeré inú búùtù yẹn ńkọ́, ṣé kò tiẹ̀ wúlò ni?

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, Ìbàdàn
Táyà tó bá fò lójú ọ̀nà ló wà fún, kó o fi pààrọ̀ rẹ̀ kó o máa lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kéré, ó ń ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Má fi ṣe iṣẹ́ yìí. Nọ́ọ̀tù táyà náà, tú wọn díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, má dúró dìgbà tó bá ti gòkè kó o tó máa fa wíìlì spánà, wàá mi mọ́tò bọ́ lórí sítáńdì ni. Tó o bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, fi tọ́kì spánà, èyí tó ń wọn bí nọ́ọ̀tù ṣe le tó, fún wọn, láàárín 90 sí 115 Nm.

Kúnlé Kent
Mo ti lọ wò ó báyìí. Ọ̀tún dún kókó. Òsì lẹ́yìn, sukurúdíráífà wọlé ní bí ìka kan, èérú irin pupa ń dà sílẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Tọ́lá, Birmingham
Ẹ ò lè gbé e lé ibẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà kọ́kọ́ gé e kó fi irin tuntun rọ́pò, MOT, àyẹ̀wò mọ́tò tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún níbí, ò ní gbà á bẹ́ẹ̀ lónìí tàbí lọ́la náà. Bíréèkì iwájú lẹ lè ṣe kó tó dìgbà yẹn, torí sítáńdì iwájú ò kan ibi tó jẹ yẹn. Ọ̀tún iwájú àti òsì iwájú, ẹ ṣì yẹ̀ wọ́n wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.