Ẹ̀pà tó bu àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa àbúrò bàbá mi. Kì í mutí rárá, àmọ́ ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B), ẹ̀pà àti àgbàdo inú abà la sì ń jẹ nílé wa láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo ti kà nípa aflatoxin, májèlé tó máa ń wà nínú ọkà tó bu. Ohun tó ń ṣe sí jíìnì TP53 ló bà mí lẹ́rù jù. Jíìnì yìí ló yẹ kó máa dá sẹ́ẹ̀lì tó bà jẹ́ dúró kó má bàa pọ̀ sí i. Lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ rí àyípadà kan náà nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àwọn ará Qidong ní Ṣáínà àti ti ìhà gúúsù Áfíríkà: lẹ́tà G tó wà nínú àkọsílẹ̀ jíìnì náà di T, níbi tí wọ́n ń pè ní kódónù 249. Bí mẹ́dọ̀wú B bá tún wà lára èèyàn, ewu náà á le gan-an.

Ẹ̀yin dókítà, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹnì kan nínú wa ní mẹ́dọ̀wú B, ìgbà mélòó lọ́dún ló yẹ kó máa ya fọ́tò ẹ̀dọ̀? Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ti lo Aflasafe, ohun tí wọ́n ń fọ́n sóko láti dín aflatoxin kù, ti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, ṣé ó ṣiṣẹ́ lóko yín? Níbo la ti lè yẹ ẹ̀pà wò nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ìyá mi ń ta ẹ̀pà. Wọ́n gbà pé yíyan ń pa májèlé náà tán, bẹ́ẹ̀ iná kì í pa á tán. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dùn wọ́n?