Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà ní gáà àwọn Fúlàní: aago mélòó ni ká ti débẹ̀?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Tánkẹ

Ẹ kú ilé o, ará Ìlọrin. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, bá mi jiyàn pé inú agolo ni mílíìkì ti ń wá. Mo ní ọmú màlúù ni. Ó wò mí lójú, ó bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ wàrà kì í wọ́n nílé wa!

Màmá mi ní láti kékeré àwọn ni gáà kan ti wà lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo tí bàbá àwọn ti máa ń ra wàrà, pé gáà náà ṣì wà, ọmọ-ọmọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ló ń daran níbẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, ká lọ láàárọ̀ ká bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kí la máa mú dání? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kí n fi fídíò hàn wọ́n. Mo ti fi hàn wọ́n.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ kúkú gbé wọn lọ sí Ṣóńgà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó láti Sìǹbábúwè tẹ̀dó sí ní 2005. Oko ńlá ni.

Ìyá Oníwàrà

Ọmọ Ọ̀fà, gáà ni wọ́n béèrè. Ṣóńgà jìnnà, ilé iṣẹ́ sì ni, ẹnìkan kì í ṣàdédé kó ọmọ débẹ̀.

Bàbá wa, mo ra wàrà ní gáà fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ mi, n ò bá màlúù nílé lẹ́yìn aago mẹ́jọ rí. Kùtùkùtù ni wọ́n ń fún wàrà, kí ẹran tó lọ jẹko. Bí ẹ bá ti kírun àsùbáà tán, ẹ ṣí mọ́tò.

Wọ́n á tú ọmọ màlúù sílẹ̀, á sáré lọ sábẹ́ ìyá rẹ̀, á mu díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀. Wọ́n á fà á kúrò, wọ́n á so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, ìyá á máa lá a lára. Ìgbà yẹn ni wọ́n á gbé igbá sábẹ́ ọmú. Màlúù funfun oníwo gígùn yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Bunaji, bóyá ni yóò fún wọn ju lítà 1 tàbí 2 lọ lóòjọ́, torí ọmọ rẹ̀ náà ní ìpín tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó tún ń dín kù. Owó wàrà tí ẹ ń ráhùn lé lórí lọ́jà, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ọwọ́ àwọn obìnrin ló kàn. Àwọn ló ni wàrà, àwọn ló ni owó rẹ̀. Wọ́n á gbé e ka iná tí kò le, wọ́n á gún ewé bọmubọ́mù, wọ́n á sẹ́ oje rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú níbẹ̀ o, kí wọ́n má fọwọ́ kan ewé náà kí wọ́n tún fi nu ojú. Oje yẹn kò bá ojú rẹ́. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni omi á máa ya sọ́tọ̀, tí wàrà á máa dì. Bọmubọ́mù tó bá pọ̀ jù, ó di kíkorò: mo ti gbé irú ẹ̀ wálé rí, igbá kan gbáko ni mo dà nù. Wọ́n á bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ ro. Ẹ jẹ ẹ́ gbígbóná níbẹ̀, láìdín, láìfata sí i.

Èyí tí kò tíì rí iná, ẹ má mu ún bí wọ́n tilẹ̀ fi lọ̀ yín. Ikọ́ ife lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ ní dókítà kọ̀ ọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ẹ mú obì àti ṣúgà lọ fún àgbà gáà. Ẹni tó ń gbé wàrà wá sí àdúgbò yín ni kó lọ ṣàlàyé yín sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ má sì ka màlúù jáde lẹ́nu o! Ṣé ẹ̀yin á gbà kí àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà yín kó máa ka ọmọ yín?

Dẹ́rẹ́bà Ìpàta

Gáà tó bá wà lẹ́bàá títì nìkan ni kí ẹ lọ. Àwọn ọ̀nà inú igbó lápá Ìfẹ́lódùn kò dára lásìkò yìí, nítorí àwọn ajínigbé. Bí ẹ bá tètè parí, ẹ gba Òró yà sí Ẹ̀sìẹ́, kí àwọn ọmọ wo ère òkúta tó lé ní 1,000. Láti 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ti wà, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Aago mẹ́rin ọ̀sán, ẹ ti wà nílé.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Tánkẹ

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá ìyá tó ń kiri wàrà ládùúgbò wa sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ gbé Gáà Àkànbí, ẹ gbé Gáà Ìmámù, ẹ ò mọ màlúù mọ́!” Ó ní ká wá ní Sátidé, ká mú ike tiwa dání. Ìyá Oníwàrà, ṣé ike onílítà márùn-ún tó?

Ìyá Oníwàrà

Lítà mélòó ni mo ní màlúù kan ń fún wọn?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Tánkẹ

Ẹ má bínú, mà. Kọ́ọ̀pù la máa mú lọ.