Iná ẹ́ńjìnnì orí dáṣíbọọ̀dù: kí lẹ bá nídìí tiyín?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Pickup tòkunbọ̀ tí mo fi ń kó káṣú, iná ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń tàn látọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ̀ ń lọ geere, kò gbóná. Mẹkáníìkì ní kí n lọ wá owó brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yẹn. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ padà bá nídìí ẹ̀?

Dírẹ́bà Àgbà: Brain box kẹ̀! Sá fún un.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Tèmi ò ju ìdérí táǹkì lọ. Ọmọ tó bá mi ra epo síi ò dé e títí tó fi dún kẹ́kẹ́. Wọ́n fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú brain box, wò ó, kóòdù P0455 ló jáde, pé ooru epo ń jò. Mo dé e dáadáa, iná ò kú lójú ẹsẹ̀ o, ó tó ọjọ́ díẹ̀ kó tó lọ fúnra ẹ̀.

Tísà Físíìsì: Màmá, rọ́bà inú ìdérí yẹn náà máa ń sán o, ẹ máa wò ó.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má bínú, tèmi gùn díẹ̀. P0420 ni skánà gbé jáde, rẹwáyà ní oxygen sensor tó ń wo èéfín ti kú, a ra tuntun, ó pa iná ẹ̀, n ò tíì wakọ̀ dé Ṣàgámù tó tún yọjú, ó ní féèkì ni wọ́n tà fún wa, a tún ra òmíràn, bákan náà ni, ìyàwó mi ti ń pè é ní àtùpà ojúbọ. Àfìgbà tí mo lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà torí sàlẹ́ńsà tó ń pariwo. Bàbá yẹn fi òòlù kan abẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Alàgbà, kátálíìsì yín dà?" Àgolo tó ń fọ èéfín ẹ́ńjìnnì mọ́ ló ń sọ. Kòròfo! Wọ́n ti là á, wọ́n kó ohun inú ẹ̀, wọ́n jó o padà. Sẹ́ńsọ̀ kan wà níwájú ẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́yìn, tí méjèèjì bá ti ń rí èéfín kan náà, brain box á mọ̀ pé kátálíìsì ò ṣe nǹkan kan. Sẹ́ńsọ̀ tí à ń sọ nù, òótọ́ ló ń sọ látọjọ́ yìí!

Adé_Mushin: Yéè! Wọ́n ti fi tiyín jẹun 😂

Tísà Físíìsì: Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú ẹ̀. Kò lè ṣe kó má wu olè.

Dírẹ́bà Àgbà: N ò tíì gbà pé mẹkáníìkì ni o. Wọ́n lè ti kó o kí ọkọ̀ tó kúrò ní Cotonou.

Bàbá Ìbejì: Nígbà tí mo rà á iná ò tàn. Ṣé olè náà ń dúró dè mí ni?

Dírẹ́bà Àgbà: Ẹni tó tà á lè ti dí i lójú. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì stáàtì ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí iná yẹn yọ. Tí ò bá yọ, wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mi ò kì í ra ọkọ̀ láì wo ìyẹn.

Adé_Mushin: Èmi fi tépù dúdú lẹ tèmi. Àlàáfíà dé.

Tísà Físíìsì: Tó bá wá ń ṣẹ́jú ńkọ́? Tó bá ń ṣẹ́jú, plọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kan ni ò jó epo, epo yẹn á lọ máa jó nínú kátálíìsì, á bà á jẹ́.

Adé_Mushin: Kátálíìsì wo? Ṣebí wọ́n ti jí i.

Ṣadé Houston: Wọ́n ń gé e lóru níbí náà, pickup ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù torí ó ga, wọn ò nílò jáàkì. Iná yẹn bá sì ń tàn, ọkọ̀ ò ní yege àyẹ̀wò èéfín. Ṣùgbọ́n AutoZone, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, á bá ẹ wo kóòdù ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Adé_Mushin: Ẹ fi AutoZone ránṣẹ́ sí wa.

Tísà Físíìsì: Ògbómọ̀ṣọ́, ra skánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ihò ẹ̀ lábẹ́ sítíárìn. Kọ kóòdù sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọ orí bátìrì, torí tó bá ti yọ ọ́, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Dírẹ́bà Àgbà: Kóòdù ò kúkú ní kóo ra nǹkan kan. Ibi tó ń dùn ún ló ń sọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Mo ti yá skánà. P0171. Wọ́n ní atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, eku ti jẹ rọ́bà tó ti ibi fílítà atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, ihò ẹ̀ gba àtàǹpàkò!

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Káṣú tóo ń kó ló fà á. Wá ológbò.

Bàbá Ìbejì: Ológbò ilé mi, orí ẹ́ńjìnnì ló ń sùn, ẹ̀gbẹ́ eku.

Adé_Mushin: Bàbá, kẹ́ ẹ bi í léèrè kátálíìsì yẹn.