Báwo ni àwọn ayàwòrán inú ihò Lascaux ṣe ríran nínú òkùnkùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo ń kà nípa ihò àpáta Lascaux ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn ènìyàn ti ya akọ màlúù igbó, ẹṣin àti àgbọ̀nrín sára ògiri ní nǹkan bí 17,000 ọdún sẹ́yìn. Inú ihò náà ṣókùnkùn biribiri, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àwòrán kan wà lókè níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè tó. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, kí sì ni wọ́n fi yà á tí kò fi parẹ́?

Bàbá Ayàwòrán:
Fìtílà ni wọ́n lò. Wọ́n rí ọ̀kan níbẹ̀ tí a fi òkúta pupa gbẹ́, tí ó rí bí ṣíbí ńlá. Ọ̀rá ẹran ni wọ́n ń sun nínú rẹ̀, ẹ̀ka igi juniper sì ni òwú rẹ̀. Ní ti òkè, àwọn ojú ihò kéékèèké wà lára ògiri méjèèjì ní ọ̀nà tóóró kan, tí àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n ki igi bọ̀ láti fi ṣe pèpéle tí wọ́n ń dúró lé, bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe lónìí. Ó máa ń dùn mí bí a bá pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní aláìlọ́gbọ́n, nítorí pé ẹni tí ó ya màlúù tí ó gùn ju mítà 5 lọ lábẹ́ iná fìtílà, tí ìwo rẹ̀ kò sì wọ́, ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú.

Ìyá Aláró:
Iṣẹ́ aró ni mo ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọ̀. Pupa wọn kò ti ara igi wá bí osùn tiwa. Erùpẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni pupa rúsúrúsú, manganese, ohun àlùmọ́nì kan tí a ń wà nínú ilẹ̀, sì ni ọ̀pọ̀ dúdú wọn. Àwọ̀ ewé a máa ṣá, ti òkúta kì í ṣá. Ẹ wo gọ̀gọ̀ àwọn ẹṣin náà dáadáa: eteetí gọ̀gọ̀ náà rọ̀ bí èéfín, torí pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ àwọ̀ náà sára ògiri.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ǹjẹ́ ènìyàn ṣì lè wọ ibẹ̀ lọ wò ó?

Bàbá Ayàwòrán:
Rárá o. Wọ́n ṣí i fún àlejò ní 1948, ṣùgbọ́n èémí èrò àti iná mànàmáná mú kí ewéedò hù sára ògiri, wọ́n sì tì í ní 1963. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ṣí nítòsí rẹ̀ ní 1983 ni àlejò kọ́kọ́ ń wò láti ìgbà náà.