Kànga tó wọlẹ̀: èmi ti sọ tèmi, ẹ sọ tiyín

Kànga méje ni ìwé sọ pé ó wà lórí ilẹ̀ kan tá a lọ ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó epo pamọ́ sí tẹ́lẹ̀. Epo jò, wọ́n sì gbẹ́ kànga tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri kí wọ́n lè máa yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò. Mẹ́rin péré la bá. Katakata ti tẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti da yẹ̀pẹ̀ lé e lórí.

Ká fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ihò tó lọ tààrà sínú omi ni kànga bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbin tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò ní í bá iyanrìn kankan pàdé tó máa sẹ́ ẹ.

A tẹ nọ́ńbà inú ìwé sínú GPS, a rìn débi tó ní ká dúró, a gbẹ́lẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ lásán! Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wa ló wá bi wá pé ìlànà ìwọnlẹ̀ wo ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà náà. Ti àtijọ́ ni, tòde òní sì ni GPS wa ń lò. Ibi tá à ń gbẹ́ jìnnà pátápátá sí ibi tó yẹ ká gbẹ́. Ó ká mi lára, torí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

La bá yá ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà ilẹ̀. Ike ni páìpù kànga náà, íńṣì 2, òòfà ò sì mọ ike. Páìpù irin tí wọ́n fi bo orí rẹ̀ là ń wá. A na okùn, mítà 1 láàárín ìlà kan sí èkejì, a ń lọ, a ń bọ̀. Àmì ńlá kan yọ lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wa hó yèè. A gbẹ́ ẹ. Bọ́ńpà mọ́tò ni.

Láti ọjọ́ yẹn, bí àmì ṣe rí ni mo ń wò, n kì í wo bó ṣe tóbi. Irin tó dúró lóòró sábà máa ń yọ òkè róbótó kan ṣoṣo. Èyí tó dùbúlẹ̀ máa ń yọ òkè àti kòtò pọ̀. (Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, kì í rí bẹ́ẹ̀.) A padà sórí máàpù, a rí òkè kékeré kan tá a ti fojú fò. Kò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ tí ṣọ́bìrì fi dún gbàǹ. Mo fọwọ́ nu yẹ̀pẹ̀ kúrò: àgádágodo ṣì wà lára ọmọrí rẹ̀, ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n wọn ò já a.

Bá a ṣe rí ìkejì nìyẹn, àmọ́ páìpù rẹ̀ ti ṣẹ́ nínú. Ẹ̀kẹta, katakata ti ká orí irin rẹ̀ lọ. A ò rí i, ohun tá a sì kọ sínú ìwé nìyẹn.

Èyí tó ṣẹ́, a fi sìmẹ́ńtì àti bẹ́ńtónáìtì (amọ̀ tó máa ń wú tí omi bá kàn án) dí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, a wá gbẹ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní ká má sún mọ́ ọn jù, torí sìmẹ́ńtì lè yí pH omi (bó ṣe kan tó) padà. A gbé ojú tí omi ń gbà wọlé sí ibi tó jìn tó ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, ọ̀gá fẹ́ ká fa ìlà àwòrán àyẹ̀wò omi kànga àtijọ́ lọ bá ti tuntun, bí ẹni pé kànga kan náà ni. Mo kọ̀. A ṣì ń bá ara wa fà á.

*

Tèmi ò gùn. Rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wo abẹ́ ilẹ̀, la wọ́ lórí amọ̀ tó rin gbingbin. Amọ̀ gbé ìgbì rẹ̀ mì, a ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ yẹn kan náà la gbé lọ sórí iyanrìn gbígbẹ níbòmíì, orí páìpù sì ń yọ bí ọmọrí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

*

Ẹ ò ní fi mí rẹ́rìn-ín? Òwúrọ̀ kan gbáko ni ẹ̀rọ òòfà mi fi ń rí irin níbi gbogbo tí mo bá tẹ̀. Mo ti ń ka kànga mẹ́wàá kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan tó tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi: bàtà iṣẹ́ tí irin wà lórí ọmọ ìka rẹ̀ ni mo wọ̀.