Akólẹ̀ ní kí n ya àjẹkù sọ́tọ̀, àǹtí mi tó ń sè ní òun ò ṣe é. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdúnní, Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ajé, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó san owó tí kò yẹ kí n san.

Ẹni tó bá ti pẹ́ níbí mọ̀ pé oúnjẹ ni mò ń tà ní Peckham, ní London. Lọ́dún tó kọjá a tún ṣí kékeré kan sí Woolwich, tábìlì mẹ́rin péré, gbé-e-lọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bá wa kó ìdọ̀tí wá kọ̀wé sí mi pé òfin ti yí padà, pé mi ò gbọdọ̀ da oúnjẹ pọ̀ mọ́ pàǹtí nínú bíìnì dúdú mọ́, kí n gba bíìnì mìíràn tó jẹ́ ti àjẹkù nìkan. Owó bíìnì tuntun yìí, orí èyí tí mò ń san tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé e lé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé kíṣìnì. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń sè fún wa, ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Ṣé kí n máa se ọbẹ̀ ni, àbí kí n máa ṣa egungun nínú pàǹtí?" Wọ́n ní òórùn orí edé tó máa máa jáde nínú bíìnì yẹn, àwọn tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù máa pe káńsù lé wa lórí. Ní ti àwọn ọmọ tó ń fọ abọ́, ọmọ yunifásítì ni wọ́n, ọwọ́ kan wà lára fóònù, ọwọ́ kejì ni wọ́n fi ń da àwo.

Ṣé òfin yìí kàn mí lóòótọ́, àbí ọjà ni wọ́n fẹ́ tà fún mi? Mẹ́sàn-án la jẹ́ ní Peckham, àmọ́ mẹ́ta nínú wa ò ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Bó bá sì kàn mí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kíṣìnì ò fi rùn? Ẹ má sọ fún mi pé kí n lé àǹtí mi o. Ẹ̀fọ́ rírò wọn ló gbé ṣọ́ọ̀bù yìí dúró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lewisham

Ẹ má dá wọn lóhùn. Lẹ́tà owó nìyẹn. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ látìgbà yìí, kò sí ẹni tó kanlẹ̀kùn.

Bọ̀dá Táyọ̀

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ fi Àdúnní sílẹ̀.

Ìwé owó àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni mò ń bá wọn ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe irọ́. Simpler Recycling lorúkọ ètò náà, òfin àyíká ti ọdún 2021 ló bí i. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025, ibi iṣẹ́ yòówù ní England tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ya àjẹkù sọ́tọ̀, kó sì ya bébà, ike, agolo àti ìgò kúrò lára pàǹtí. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá tó mẹ́wàá ní àyè títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2027.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni kíka òṣìṣẹ́. Orí kọ́ ni wọ́n ń kà, wákàtí iṣẹ́ ni. Ẹni méjì tó ń ṣe ìlàjì ọ̀sẹ̀, ẹnì kan ni wọ́n lójú òfin. Àwọn mẹ́ta tó ń wá lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n ń ṣe, gbogbo wọn ò ju ẹnì kan àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà Peckham yín jẹ́ méje àti díẹ̀. Àmọ́ ẹ ò sọ iye tó wà ní Woolwich.

Àdúnní, Peckham

Mẹ́rin ni wọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ nìyẹn. Onílé ọ̀tọ̀, bíìnì ọ̀tọ̀.

Bọ̀dá Táyọ̀

Ṣé orúkọ kan náà lẹ fi ń ṣòwò ní méjèèjì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ ni wọ́n ń kà. Méje àti mẹ́rin, mọ́kànlá. Ó ti kàn yín láti oṣù Kẹta ọdún 2025.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Environment Agency, àjọ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àyíká, ló ń bójú tó o, ìwé ni wọ́n sì máa ń kọ sí èèyàn pé kó lọ tún un ṣe. Ẹni tó bá gba ìwé yẹn tó wá fi ṣe ìdérí agolo ló ń wá ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òfin ti ní ọwọ́ iléeṣẹ́ tó kọ̀wé sí yín yẹn nìkan lẹ ti lè gba bíìnì. Ẹ pe káńsù, ẹ bi wọ́n léèlò ni wọ́n ń gba láti kó àjẹkù oníṣòwò. Ẹ pe iléeṣẹ́ méjì mìíràn. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo ọjọ́ tí àdéhùn tó wà nílẹ̀ máa parí, torí àwọn kan ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé tí ẹ ò bá kọ̀wé fi sílẹ̀ lásìkò, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá Adéọlá, Ìbàdàn

Hà! Ẹ ń sanwó kí wọ́n tó bá yín kó èèpo iṣu? Ní Mọ́kọ́lá níbí, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ló ń wá bá ìyàwó mi ní bùkátéríà, wọ́n á ti gbé àpò kalẹ̀ kí iṣu tó jinná. Ìjà ni wọ́n fi ń gba èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ní ọjà Bódìjà, wọ́n tilẹ̀ dá ilé ajílẹ̀ sílẹ̀ nígbà kan, Pacesetter, láti máa sọ ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀. Àdúnní ọmọ mi, wá àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan lẹ́yìn London, kó máa wá kó o. Ó parí.

Fúnmi, Kent

Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ìmọ̀ràn yín dára ní Mọ́kọ́lá, àmọ́ níbí, ẹjọ́ ló máa fà. Lọ́dún 2001, àrùn ẹsẹ̀-àti-ẹnu wọ orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé oko ẹlẹ́dẹ̀ kan ní Heddon-on-the-Wall, níbi tí wọ́n ti ń fún ẹran ní àjẹkù tí wọn ò sè dáadáa. Ẹran tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n pa kí àrùn náà tó rọlẹ̀. Láti ìgbà náà ni òfin ti dè é. Ohun tó bá ti gba inú kíṣìnì tí wọ́n ti ń se ẹran kọjá, ì báà jẹ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ẹnu ẹran ọ̀sìn. Èmi tí mo ní adìẹ mẹ́rin lẹ́yìnkùlé, èèpo iṣu wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń wò mí, mi ò lè jù ú sí wọn.

Bàbá Adéọlá, Ìbàdàn

Adìẹ yẹn ń jìyà o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lewisham

Kí wọ́n máa dì í sínú ọ̀rá lọ sílé lálẹ́ nígbà náà. Ṣebí káńsù ń kó àjẹkù ilé lọ́fẹ̀ẹ́.

Bọ̀dá Táyọ̀

Ẹ̀ẹ̀kejì yín rèé lónìí. Pàǹtí òwò ò gbọdọ̀ wọ bíìnì ilé. Akólẹ̀ gbọ́dọ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù ní ìwé tó sọ ohun tó kó, ọdún méjì la sì gbọ́dọ̀ fi tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ṣé ọ̀rá lẹ máa nà sí wọn?

Ìyá Ìbejì, Glasgow

Àdúnní, mo ti sun ẹkún tí ò ń sun yìí rí. Ní Scotland, 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí àjẹkù wọn ju 50 kílò lọ lọ́sẹ̀. Mo ní ọlọ́run ò ní mú mi débẹ̀. Nígbà tó di 2016, wọ́n já a wálẹ̀ sí kílò 5. Kílò márùn-ún! Ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo lọgun títí, mo wá ṣe é.

Òórùn tí àǹtí ń bẹ̀rù: níbo ni orí edé ń lọ tẹ́lẹ̀? Inú bíìnì dúdú kan náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni. Ó ti ń rùn látẹ̀yìn wá. Omi ló ń fa òórùn. Ra asẹ́ ńlá, gbé e lé orí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí àjẹkù ro dáadáa kí wọ́n tó dà á sí bíìnì. Ìfun ẹja àti orí edé, dì wọ́n sínú ọ̀rá, sọ wọ́n sí fíríìsà, kó o tó mú wọn jáde lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí akólẹ̀ ń bọ̀. Nígbà ooru, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n máa wá, kí bíìnì sì ní ìdérí tó ń há.

Egungun ń lọ níbẹ̀, ìkarahun ẹyin, èbà, ìrẹsì, èèpo iṣu, gbogbo rẹ̀. Ike ló máa kó bá ọ. Akólẹ̀ kọ̀, kò gbé bíìnì mi lọ́jọ́ kan nítorí ọ̀rá mọ́ínmọ́ín. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá tú mọ́ínmọ́ín ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ju ọ̀rá rẹ̀ sí dúdú. Ewé mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Tèmi ń gbà á, bi tìrẹ léèrè. Àwọn abọ́ gbé-e-lọ tí wọ́n kọ "compostable" sí lára, pé wọ́n ń jẹrà, má dà á síbẹ̀ àfi bí akólẹ̀ bá ní òun fẹ́ ẹ. Níbi tí wọ́n ń kó àjẹkù lọ, inú táńkì tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Gáàsì ibẹ̀ ni wọ́n ń fi tan iná, èyí tó kù á di ajílẹ̀. Abọ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà kíá nínú táńkì, wọ́n máa ń yọ ọ́ dànù pẹ̀lú ike ni.

Àwọn ọmọ tó ń fọ abọ́, mi ò wàásù fún wọn mọ́. Mo gbé bíìnì dúdú lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àjẹkù sí ẹsẹ̀ wọn gan-an. Ìmẹ́lẹ́ wọn ló wá ń bá mi ṣiṣẹ́.

Kó o tó fọwọ́ sí ìwé kankan, wọn àjẹkù rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta: èyí tó bàjẹ́ kó tó jinná, èyí tó jẹ́ èèpo àti egungun, èyí tó ti orí àwo bọ̀. Gbé wọn lé òṣùwọ̀n lálẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye tó ní, bíìnì tó tóbi jù ni wọ́n máa tà fún un.

Dèjì, San Francisco

Àǹtí Glasgow ti sọ ọ́ tán. Níbí, 2009 ni òfin ti kan gbogbo wa, onílé àti oníṣọ́ọ̀bù, bíìnì aláwọ̀ ewé ni ti oúnjẹ. Ajílẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí oko àjàrà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé Àdúnní ń ronú láti gbé tuntun lé orí ti àtijọ́. Bí oúnjẹ bá kúrò nínú bíìnì dúdú, kí ló kù síbẹ̀? Ọ̀rá àti ìnuwọ́. Ẹ ní kí wọ́n dín dúdú kù lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá gbé tuntun wá, kó wà nínú ìwé.

Bọ̀dá Táyọ̀

Dèjì, o ṣeun. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí tọ́ọ̀nù pàǹtí kan tó bá dé ààtàn, wọ́n gbé e dé £126.15 ní oṣù Kẹrin 2025. Àjẹkù tó lọ sí ilé gáàsì ò san án. Ẹ fi ìyẹn dúnàádúrà.

Múdà Púlọ́ńbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, epo ńkọ́? Omi ọbẹ̀ tó ro sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì Àǹtí Glasgow yẹn, epo pupa wà lójú rẹ̀ o. Ẹ má dà á sí síńkì. Ẹ jẹ́ kó dì, ẹ fi ṣíbí họ ọ́. Òróró tí ẹ fi dín àkàrà, inú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn kan wà tó ń wá kó o láti fi ṣe epo ọkọ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n bá ọ̀rá tó dì nínú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ ní Whitechapel, 250 mítà ní gígùn, 130 tọ́ọ̀nù. Wọ́n gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí mùsíọ́mù, èèyàn ń tò láti wò ó. Iṣẹ́ èmi ni láti ki ọwọ́ bọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàánú mi.

Àdúnní, Peckham (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ra òṣùwọ̀n, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kalẹ̀. Mo rò pé èèpo iṣu àti egungun ló máa wúwo jù. Rárá o. Bọ́kẹ́ẹ̀tì orí àwo ló borí wọn lálaalẹ́. Mo wò ó, èbà ni. Èbà rọ̀bọ̀tọ̀, òmíràn tí wọn ò ju òkèlè mẹ́ta lọ lára rẹ̀, ojú ìka ṣì wà níbẹ̀. Mo pe àǹtí wá wò ó. Wọ́n dúró lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ní, "Ta ló jẹ èbà mi kù?"

Láti ọjọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ló ń jáde lọ sí tábìlì. "Kékeré àbí ńlá? Bó bá kékeré jù, màá rọ òmíràn." Òṣùwọ̀n ti kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n ti gbà á. Wọ́n ń pe Woolwich lálẹ́ láti bi wọ́n pé kílò mélòó ni tiwọn.

Káńsù àti iléeṣẹ́ mìíràn kan ti sọ iye wọn, ti ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi ló ga jù. Nígbà tí mo fi ti káńsù hàn án, ó gbà láti gbé bíìnì dúdú kan kúrò. Owó náà fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò purọ́, àmọ́ kò tó ìdajì ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn. Ti òórùn, àwọn ará òkè ò tíì sọ nǹkan kan. Fíríìsà ni mo ní wàhálà rẹ̀ báyìí, orí edé ń bá yìnyín dù ú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lewisham

Mo ti mú lẹ́tà tèmi jáde nínú dúrọ́ọ̀. Bọ̀dá Táyọ̀, ẹ fóònù mi. Àdúnní, èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èbà ńlá méjì.

Àdúnní, Peckham

Àǹtí ní ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní àwọn máa dúró tì yín.