Ìpínlẹ̀ fẹ́ yí bó ṣe ń pín owó fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba padà: ibo ló yẹ ká tẹjú mọ́?

AkọwéÌgbìmọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí owó ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń rìn ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé iye olùkọ́ àti oríṣiríṣi owó àkànṣe ló fi ń pín owó títí di ìsinsìnyí. Àbá ti wà níwájú àwọn aṣòfin báyìí pé kí wọ́n pa ìyẹn tì: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iye kan, kí wọ́n wá bu àfikún lé ti ọmọ tálákà, ọmọ tó ṣì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì. Ó dùn létí. Ibo ni irú ètò yìí ti máa ń dàrú? Kí ló yẹ kí aráàlú béèrè tí wọ́n bá pè wọ́n wá sọ tẹnu wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ òṣèlú kúrò níbẹ̀.

Oníṣirò:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ibi tí owó ti ń jò. California bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 2013, LCFF lorúkọ ẹ̀. Iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀ lé kíláàsì tó wà. Ọmọ tálákà, ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ń gba 20% lé e. Ẹni tó bá jẹ́ méjì nínú wọn pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kà á. Tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ju 55% lọ ní dísíríìkì kan (ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ìjọba àgbègbè kan), àfikún mìíràn tún wà, 65% owó ìpìlẹ̀, àmọ́ kìkì lórí àwọn tó lé ní 55% yẹn. (50% ni tẹ́lẹ̀, ọdún ìṣúná 2021-22 ni wọ́n gbé e sókè.) Ẹ kíyè sí i pé owó ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì ò sí nínú ẹ̀ rárá, ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń gbà wọlé. Tí àbá yín bá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ béèrè iye ìpele tí wọ́n pín ìtọ́jú náà sí. Ọmọ tí olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ àti ọmọ tó nílò olùtọ́jú látàárọ̀ dalẹ́ ò lè gba àfikún kan náà.

Ká ní dísíríìkì kan ní ọmọ 1,000, owó ìpìlẹ̀ jẹ́ $8,000, 700 nínú wọn sì wà lára àwọn tá a wí yìí:

Owó ìpìlẹ̀: $8,000,000
Àfikún 20% lórí ọmọ 700: $1,120,000
Àfikún 65% lórí ọmọ 150 tó lé: $780,000
Gbogbo ẹ̀: $9,900,000

Ọ̀rọ̀ wá kù. Kì í ṣe iye ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ ni California fi ń sanwó, iye tó ń wá sílé ìwé lójúmọ́ ni. Tí ọmọ 920 bá ń wá nínú 1,000, owó náà di $9,108,000. $792,000 ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó oṣù tíṣà ò dín, bọ́ọ̀sì ò dín, iná ò dín, torí pé ọmọ méjì péré ló pa kíláàsì jẹ lónìí. Ibo sì ni àwọn ọmọ ti ń pa ilé ìwé jẹ jù? Níbi tí òṣì wà náà ni. Ìpínlẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, ó ń fi tòsì gbà á padà. Texas náà ń ka iye tó wá.

Ìpínlẹ̀ tó bá sì ń ka orúkọ náà ní wàhálà tiẹ̀ tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ló fi ń kà, nítorí ọmọ tó dé ní November kò lówó lórí. Michigan ń kà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà ìwọ́wé àti ní February, àmọ́ 90% ìwọ̀n ẹ̀ wà lórí kíkà ìgbà ìwọ́wé, torí náà èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ tu irun kankan. Ohun tí mo lè dábàá ni iye orúkọ, kí wọ́n kà á ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kí ìwọ̀n wọn sì dọ́gba.

Ìwé_Orúkọ:
Ọ̀gá Oníṣirò ti sọ ti kíkà ọmọ. Kíkà ọmọ tálákà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Àmọ́ láti 2014, ilé ìwé tó wà ládùúgbò òtòṣì káàkiri Amẹ́ríkà lè fún gbogbo ọmọ lóúnjẹ ọ̀fẹ́ láìgba fọ́ọ̀mù kankan, ètò tí wọ́n ń pè ní CEP. Ó dáa fún ikùn ọmọ, àmọ́ ó pa ìwé orúkọ run. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti wá ń mú orúkọ tààrà láti inú SNAP (ìrànwọ́ oúnjẹ) àti TANF (ìrànwọ́ owó fún ìdílé tálákà), àwọn kan ń fi Medicaid (ìtọ́jú ìlera fún tálákà) kún un. Tennessee gba ọ̀nà yìí nínú TISA, òfin 2022 tí wọ́n fi ń pín owó ilé ẹ̀kọ́ wọn, níbi tí àfikún ọmọ tálákà ti jẹ́ 25%.

Àwọn tó máa ń bọ́ sílẹ̀ ni ìdílé àjèjì tó ń bẹ̀rù láti kọ orúkọ sí ètò ìjọba kankan, àti ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn fi díẹ̀ lé ní ààlà SNAP. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù tí ìdílé á fi sọ iye tó ń wọlé fún wọn kún orúkọ tààrà, bí California ti ṣe, kí wọ́n sì lo ìpíndọ́gba iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí owó má baà máa fò sókè sódò.

AkọwéÌgbìmọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn dísíríìkì olówó ńkọ́? Wọ́n ti ń pariwo pé wọ́n á pàdánù.

Ayẹ̀wéwò:
Iye tí fọ́múlà bá sọ kọ́ ni ìpínlẹ̀ máa san. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ohun tí dísíríìkì lè rí lórí owó orí ilé àti ilẹ̀. Níbi tí iye owó ilé àti ilẹ̀ bá jẹ́ $200,000 lórí ọmọ kan, owó orí 1% á mú $2,000 wọlé, ìpínlẹ̀ á fi $6,000 kún un kó lè pé $8,000. Níbi tó bá jẹ́ $900,000, 1% kan náà ti di $9,000, $1,000 sì ṣẹ́kù. Ta ló ni ìyókù yẹn? Texas ń gbà á padà, California ń fi í sílẹ̀ fún dísíríìkì. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ èyí tí àbá yín yàn.

Ti ariwo àdánù, wọ́n sábà máa ń ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní gbà kéré sí ti ọdún tó kọjá. Illinois fi í sínú òfin 2017: ti àná dúró, owó tuntun nìkan ló ń tẹ̀ lé fọ́múlà, 99% ẹ̀ sì ń lọ fún ìpele dísíríìkì méjì tó jìnnà jù sí iye tó yẹ kí wọ́n ní. Láìsí ìlérí yẹn, òfin náà ì bá ṣòro láti kọjá. Ìnira ẹ̀ ni pé dísíríìkì tó ń pàdánù ọmọ ń mú owó ọmọ tó ti lọ dání títí, èyí tó ń dàgbà sì ń dúró. Ẹ béèrè fún ọjọ́ tí ìlérí náà máa dópin, tàbí kí wọ́n gbé e ka orí ọmọ kan dípò àpapọ̀.

Ó tún ku èyí tí ọ̀pọ̀ kì í wò: ṣé owó náà ń dé ilé ìwé tí ọmọ wà? Dísíríìkì ló ń gbà á. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ owó oṣù ìpíndọ́gba sí gbogbo ilé ìwé. Tí ilé ìwé kan bá ní tíṣà 30 tó ti pẹ́ ní $80,000, tí òmíràn ní 30 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní $58,000, $660,000 ló wà láàárín wọn lóòótọ́, àmọ́ lórí ìwé wọ́n dọ́gba. Òfin ìjọba àpapọ̀ ESSA ti 2015 ní kí wọ́n máa tẹ iye tí wọ́n ná lórí ọmọ kan ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan jáde, owó oṣù gidi ni kí wọ́n sì lò. Ẹ wá ti dísíríìkì yín jáde lórí ìkànnì ìpínlẹ̀, ẹ to àwọn ilé ìwé láti èyí tó ní ọmọ tálákà jù dé èyí tó ní i kéré jù, kẹ́ ẹ sì mú un dání lọ síbẹ̀.